Ilẹ̀kùn tí Ọ̀fíntótó Tì

Ọ̀fíntótó yí nọ́ńbà kan padà ní ìdí àdírẹ́sì ìkànnì ilé ìwòsàn náà, ó tẹ bọ́tìnnì, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ obìnrin kan tí kò mọ̀ rí sì yọ sójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ gbangba. Ó sáré pa á dé.

Àwọn ará ibi iṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Ọ̀fíntótó, torí kò sí kóòdù tí wọ́n kọ tí kì í tú wò tinú tòde. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá ibi tí olè lè gbà wọlé kí olè tó rí i. Ìkànnì yìí, tí ilé iṣẹ́ wọn ṣe fún ilé ìwòsàn, tí àwọn aláìsàn fi ń wo èsì wọn láti ilé, ti ń ṣiṣẹ́ láti ìjẹta. Ẹni tó bá sì ti wọlé, tó mọ nọ́ńbà káàdì ilé ìwòsàn ẹlòmíràn, tó tẹ̀ ẹ́ dípò tirẹ̀, àṣírí onítọ̀hún tú nìyẹn. Àbí ẹ ò rí nǹkan?

Ó sì mọ nọ́ńbà káàdì ẹnì kan. Òun ló gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ sílé ìwòsàn náà lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí òòyì kọ́ ọ tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Láti ìgbà tí èsì ti jáde, ẹ̀gbọ́n kò jẹun dáadáa mọ́. Bí ìyá wọn bá bi í, á ní kò sí nǹkan, á máa dápàárá. Àwọn méjèèjì nìkan ni ìyá wọn bí. Ẹ̀rù ń ba Ọ̀fíntótó, kí n má tàn yín. Kò sun oorun àsùnwọra láti ọjọ́ náà.

Ìka rẹ̀ tẹ nọ́ńbà náà síbẹ̀. Ó ku bọ́tìnnì kan péré. Ta ni ì bá mọ̀? Iṣẹ́ rẹ̀ ṣáà ni. Ohun tójú ń wá lojú ń rí, àmọ́ ojú wo ni yóò fi wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn náà?

Ó pa nọ́ńbà náà rẹ́. Akin lobìnrin tí wọ́n ń pè ní Ọ̀fíntótó yẹn, èmi ò ní parọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ì bá ti wò ó tán ká tó rántí Ọlọ́run.

Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀, kò sì fi í pamọ́ pé òun ṣèèṣì rí fáìlì obìnrin kan. Ọ̀gá ló kọ kóòdù náà fúnra rẹ̀, síbẹ̀ kò jiyàn. Ó mí kanlẹ̀, ó ní kóòdù òun ń bi àlejò ìkànnì pé fáìlì wo lo fẹ́, kò bi í pé ṣé tìrẹ ni. Ó ti ìkànnì náà pa lójú ẹsẹ̀, ó tẹ ilé ìwòsàn láago, ó jẹ́wọ́ láìfepo-bọyọ̀.

Wọ́n jókòó ti kóòdù náà títí di ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, àlejò ò lè dárúkọ fáìlì mọ́. Ìkànnì yóò kọ́kọ́ mọ ẹni tó wọlé, fáìlì onítọ̀hún nìkan ni yóò sì gbé jáde. Wọ́n dá aláìsàn ayédèrú méjì sílẹ̀ láti fi dán an wò. Ọ̀fíntótó wọlé bí ẹni àkọ́kọ́, ó béèrè fáìlì ẹnì kejì. Ìkànnì kọ̀. Gbogbo ọgbọ́n tó mọ̀ ló dá, ó kọ̀ jálẹ̀.

“O káre,” ni ọ̀gá wí.

Inú rẹ̀ dùn, àyà rẹ̀ sì já. Òun náà ti wà níta báyìí bíi gbogbo ayé, kò lè yọjú wo fáìlì ẹ̀gbọ́n mọ́. Ó wá yé e pé òun ti bi ìyá àwọn léèrè, òun ti bi ìyàwó ẹ̀gbọ́n, òun ti bi nọ́ọ̀sì pàápàá. Ẹ̀gbọ́n alára nìkan ni òun ò tíì bi.

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pè é lórí fóònù.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ yín?”

Ẹ̀gbọ́n kò dápàárá lọ́tẹ̀ yìí.

“Máa bọ̀ nílé,” ló ní. “Mo ti ń retí kó o bi mí.”