Géètì Tí Glenys Tì

Ipa pátákò màlúù ló kún ojú ọ̀nà náà, bí Glenys Schirmer sì ṣe rí wọn ló gbé ọwọ́ ọmọlanke rẹ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò wọ́n. Àlọ àti àbọ̀ ni. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń gba ibẹ̀, ọ̀nà ti di kòtò lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí afẹ́fẹ́ ò tíì da iyanrìn bò, ti òru àná, àlọ nìkan ni. Kò sí ìkankan nínú wọn tó padà.

Ó rántí pé lóru, òun gbọ́ ẹsẹ̀ wọn nítòsí àgọ́, òun yí ẹ̀gbẹ́ dà, òun sì padà sùn. Ibi tí wọ́n ń lọ kò ju ibì kan lọ: gúúsù, níbi géètì tí òun tì lánàá.

Nínú ilẹ̀ pupa yẹn, láàárín àwọn ìlú kékeré Marree àti Birdsville, láti kékeré ni wọ́n ti ń mọ òfin géètì: bí o bá ṣe bá a ni kí o ṣe fi í sílẹ̀. Ọmọ darandaran ni Glenys. Kò sí ẹni tó ní láti kọ́ ọ. Àmọ́ kó tó gbéra ìrìn àdánìkànrìn rẹ̀ yìí, Doug Halloran tó ni oko màlúù náà ti sọ fún un pé gbogbo géètì òun ló wà ní títì, pé èyí tó bá ṣí, kó padà tì í. Ó wá dé ìdí kànga lánàá, ó mumi, ó rọ omi kún àwọn kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó rí géètì ní ṣíṣí gbayawu, iyanrìn ti bo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ kan ló gbàgbé. Ó gba ibẹ̀ kọjá, ó fi ọwọ́ wa iyanrìn, ó wọ́ géètì títí ó fi padé, ó fi wáyà dì í dáadáa, inú rẹ̀ sì dùn sí ara rẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Iyanrìn yẹn ti sọ tẹnu rẹ̀, òun ni ò gbọ́. Ó pẹ́ tí géètì náà ti wà ní ṣíṣí. Ibẹ̀ ni màlúù ń gbà lọ mumi, kò sì sí omi mìíràn fún wọn lápá ibí.

Ó pe Doug lórí fóònù sátẹ́láìtì rẹ̀. Ìyá Doug ló gbé e, Merle Halloran, àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún.

"Doug ò sí nílé. Gbogbo wọn ti da màlúù lọ sápá ìlà-oòrùn, ó di Sátidé. Ta nìyí?"

"Glenys ni, Mà. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn."

"Áà, wèrè yẹn." Ohùn rẹ̀ ò le. "Oòrùn ò tíì yan ẹ́?"

"Ó ku díẹ̀, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, géètì ìdí kànga àríwá yẹn, ó wà ní títì. Màlúù sì wà lẹ́yìn rẹ̀."

"Àwọn onímọ́tò wọ̀nyẹn," Merle sọ. "Wọ́n á kúrò nígboro Adelaide, wọ́n á wá kọ́ wa bí a ṣe ń sin màlúù."

Ìtìjú ò jẹ́ kí Glenys lè sọ pé òun ló tì í.

"Ṣé wọ́n lè dúró di Sátidé, Mà?"

"Nínú ooru yìí? Àwọn tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ nínú wọn ò ní rí ọ̀la." Ó wúkọ́. "Gbọ́ mi, ọmọ. Má padà síbẹ̀ o. Màlúù ni màlúù ń jẹ́. Máa bá tìẹ lọ. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Mà."

Ó pa fóònù, ó sì yí padà sí gúúsù.

Ó ti ọmọlanke sábẹ́ igi kan, ó mú ìgò omi kan àti fóònù. Ó mọ̀ pé ìwà òmùgọ̀ ni. Ẹni tó bá fi omi rẹ̀ sílẹ̀ nínú aṣálẹ̀ yẹn, kannakánná ló ń bọ̀ wá sìnkú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá wọ́ ọmọlanke gba inú iyanrìn, ilẹ̀ á ṣú kó tó dé, ẹ̀mí tó bá máa bọ́ á sì ti bọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Omi wà níwájú òun lóòótọ́, òun náà ló sì ti géètì mọ́ ọn.

Ooru mú. Eṣinṣin ń wọ̀ ọ́ lójú, wọ́n ń wọ̀ ọ́ létí, kò lé wọn mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń mumi, síbẹ̀ ìgò gbẹ kó tó dé ibi tó pàgọ́ sí lánàá. Nígbà tó yá, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó bá a ní gbígbẹ. Kò làágùn mọ́. Ìyẹn ló dẹ́rù bà á jù, nítorí ó mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé e. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń rò ó pé kí òun kúkú jókòó díẹ̀. Igbe màlúù ló gbé e dìde. Ó jìnnà, kò sì dáwọ́ dúró.

Wọ́n ti fún mọ́ géètì nígbà tó dé ibẹ̀, orí lórí ara wọn, ahọ́n síta, ojú ti jìn. Láti òru ni òórùn omi ti wà nímú wọn. Abo kan ti ṣubú sẹ́yìn wọn, ọmọ rẹ̀ dúró tì í. Glenys ò lè gba àárín wọn kọjá. Ó gun wáyà ọgbà lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ̀gún wáyà fà á nítan ya, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà kejì.

Ọpọ́n omi wà níbẹ̀, ó kún dẹ́nu. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fúnra wọn ti ń yà síbẹ̀. Ó dúró. Bí òun bá mumi, òun á jókòó. Bí òun bá sì jókòó, òun ò mọ ìgbà tí òun á dìde. Inú bí i sí ara rẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí omi, ó lọ sídìí géètì.

Wáyà náà ò tú. Bí àwọn màlúù ṣe ń ti géètì ló ń fún sí i, ẹ̀mú Glenys sì wà nínú ọmọlanke lọ́hùn-ún. Ó ṣa irin ọgbà àtijọ́ kan nílẹ̀, ó tì í bọ ojú wáyà, ó lọ́ ọ. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Ó tún lọ́ ọ. "Ẹ rọra," ló ń sọ fún wọn, "ẹ rọra, mo ti dé." Wáyà já, géètì ṣí gbàù, etí rẹ̀ gbá a léjìká, ó ṣubú sẹ́yìn òpó, gbogbo wọn sì rọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú eruku.

Ó rákòrò lọ sídìí ọpọ́n. Ó ki ojú bọ omi láàárín imú màlúù méjì, kò sì sí èyí tó lé e.

Lẹ́yìn náà ló lọ wo abo tó ṣubú. Ó ti kú.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó pe Merle. Fóònù ò tíì dún tán tí ìyá náà fi gbé e.

"Mélòó ló kú?"

"Ọ̀kan, Mà. Abo ni. Ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi níbí, ó ń fa ìka mi mu."

Merle mí kanlẹ̀.

"Mà, èmi ni mo ti géètì yẹn."

"Mo mọ̀. Mọ́tò wo ló gba ibẹ̀ láti ìgbà òjò?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má padà."

"Kí wá ni kí n sọ? Kí n ní kí o padà, kí o lọ kú sọ́nà? Bí o ṣe ní o gbọ́ yẹn, mo ti mọ̀ pé o ò gbọ́. Ìdí fóònù yìí ni mo jókòó sí láti àárọ̀. Mi ò lè dìde lọ se nǹkan kan, kí o má lọ pè kí n má sí níbẹ̀."

Glenys wo ọ̀nà tó gbà dé, ibi tó ti rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá òun wà láàyè. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì yà á lẹ́nu pé ó ṣì kù lára òun.

"Ẹ lọ jẹun, Mà," ó sọ.