Ilé Tí Kò Ní Alámòójútó

Bí ẹ bá gbọ́ pé ọkọ mi ló lé àwọn alámòójútó ilé wa lọ, wọn ò parọ́ mọ́ ọn. Kang Delin, tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tutù lẹ́nu rẹ̀ kó tó sọ ọ́ jáde. Òun ló kọ ọ́ sára aṣọ pupa gbọọrọ tí wọ́n ta sẹ́nu géètì: Ẹ̀YIN Ọ̀LẸ, Ẹ MÁA LỌ. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyá Ruixin tó ń gbé lókè orí wa tiẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ ọsàn wá kí i pé ó ṣe bẹbẹ.

Àwọn alámòójútó náà ò bá wa fa ọ̀rọ̀. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Fei, ju ìdì kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì nínú ilé ọlọ́dẹ, ó ní, "Ẹni tó bá wù kó mú un," ó wọ mọ́tò, ó lọ. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Níbi tiwa níbí, ẹni tó bá mú kọ́kọ́rọ́ ló mú ẹ̀bi. Bí lífítì bá há, òun la máa bú. Bí omi ò bá gòkè, ilẹ̀kùn rẹ̀ la máa kàn. Ẹ lọ wo gúrúùpù ilé lórí fóònù: "Mo fara mọ́ ọn. Mo fara mọ́ ọn." Fara mọ́ kí ni? Kí ẹlòmíì lọ mú un ni.

Kò pẹ́ tí pàǹtí fi gba àtẹ̀gùn. Ọkọ mi ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan, alámòójútó tuntun á dé. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, a ò rí ẹnì kankan. Àwọn tó ń tún lífítì ṣe wá, wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ síwèé fún ilé, wọ́n pa á, wọ́n bá tiwọn lọ.

Àjà kẹrìnlá là ń gbé. Kíndìnrín ọkọ mi ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ ọsibítù ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Bó bá pa ọjọ́ kan jẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, èémí rẹ̀ á sì máa já. Ní Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n pa lífítì, tó sì jẹ́ ọjọ́ tó yẹ kó lọ fọ ẹ̀jẹ̀, mo ní n óò pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀.

"Ta lo fẹ́ pè?" ó ní. "Àwọn tó ń kọ ọ́ sórí fóònù pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé? Kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín láti òkè dé ilẹ̀?"

"Ẹ̀sín ò pa ẹnì kankan rí, Kang. Ẹ̀jẹ̀ burúkú ló ń pa ni."

Ó kọjú sí ògiri. Orí kunkun ọkọ yìí, Ọlọ́run ló mọ iye ìgbà tí mo ti fẹ́ fi ìgbálẹ̀ lù ú. Mi ò lè jókòó, mi ò lè sùn. Mo ń lọ láti ojú fèrèsé sẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí, ẹ̀rù sì ń bà mí gidi.

Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Sátidé, kò lágbára àtibá mi jà mọ́. Mo gbọ́ ariwo lókè. Ruixin ń lọ sílé ọkọ, àwọn gìrìpá ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó kún àtẹ̀gùn. Mo ní, ọkùnrin ti dé. Mo wọ aṣọ fún un, mo fà á jáde, mo gbé e jókòó sórí àpótí lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ọkọ ìyàwó ló kọ́kọ́ yọ, ó pọn Ruixin sẹ́yìn, òógùn ti bò ó. Ẹsẹ̀ ìyàwó ò gbọdọ̀ kanlẹ̀ láti ilé ìyá rẹ̀ títí dé inú mọ́tò. Aláìsàn ò sì gbọdọ̀ dá a lọ́nà. Èmi náà mọ̀ ọ́n, mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé.

"Ìyàwó Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú bàbá wọlé ná," Ìyá Ruixin sọ láti ẹ̀yìn wọn. "Ẹ jẹ́ kí ìyàwó kọjá."

"Ó ti pa ọjọ́ kan jẹ. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Mo rí i. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, ọjọ́ rẹ̀ sì nìyí. Ṣé èmi ni mo ní kó lé àwọn Fei lọ ni?"

"Ọsàn ta la wá jẹ nígbà yẹn?"

Mo bẹ àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó, wọ́n ń wojú ara wọn. Ta ló fẹ́ gbé aláìsàn lọ́jọ́ ìgbéyàwó? Wọ́n di tìmùtìmù àti aṣọ ìbora pupa ìyàwó mọ́ra gbágbá bí ẹni pé ọwọ́ wọn ti dí.

Ọkọ mi gbìyànjú láti dìde wọlé. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀, mo sáré dì í mú.

"Sọ̀ mí," Ruixin sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Kí lo wí?"

"Mo ní kóo sọ̀ mí. Tíṣà ni kóo pọ̀n."

"Ruixin, ẹsẹ̀ rẹ," ìyá rẹ̀ ń sọ, "ẹsẹ̀ rẹ, ọmọ mi." Ṣùgbọ́n ó ti bọ́ sílẹ̀, sáàárín èèpo ọsàn àti omi pàǹtí, pẹ̀lú bàtà pupa tó rẹwà yẹn. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọkọ mi pọ̀n.

Mo rò pé Ìyá Ruixin máa bú mi. Ó já aṣọ ìbora gbà lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan, ó tẹ́ ẹ sórí àtẹ̀gùn. "Tẹ ibí," ó ní. Ó já òmíràn gbà, ó tẹ́ ẹ síwájú ìyẹn. Bí ọmọ rẹ̀ bá ti kúrò lórí ọ̀kan, á fà á, á tún tẹ́ ẹ sí iwájú, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń kùn, títí a fi dé ilẹ̀. Ọkọ mi fi ojú pamọ́ sí èjìká ọmọ ọlọ́mọ.

Níta, ó gbé orí sókè.

"Ìyá Ruixin," ó ní, "èmi ni mo lé wọn lọ."

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ìyá Ruixin dúró, ó ń mí hẹlẹ, àwọn aṣọ ìbora ọmọ rẹ̀ ti dúdú lọ́wọ́ rẹ̀.

"A jọ lé wọn ni," ó ní. Ó ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò ìyàwó. "Ẹ gbé Tíṣà wọnú mọ́tò, ọsibítù la kọ́kọ́ ń lọ. Ruixin, sún."