Ibi Tí Mo Ní Kí Kámẹ́rà Má Wò

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Bẹ́yẹ̀rúnkà á sọ fún yín pé Waliyat kì í dákẹ́. Òótọ́ ni. Bí ọlọ́kadà bá fẹ́ gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mà á bú u títí yóò fi dé Oríta-mẹ́rin. Bí ẹlẹ́ran bá rẹ́ mi jẹ, gbogbo ìsọ̀ ẹran ló máa gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, mo dákẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ dáhùn fún un níwájú Ọlọ́run. Wọ́n ní bá a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Tèmi kọ́ ló bá mi dákẹ́. Ti ọmọ ọlọ́mọ ni.

Ilé-iṣẹ́ oyin Alhaji Abdulmajeed ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn agboolé wọn. Oyin ń ti Sakí wá nínú kẹ́ẹ̀gì, a ń sẹ́ ẹ, a ń rọ ọ́ sínú ìgò kéékèèké, a sì ń dé e. Kámẹ́rà mẹ́rin ló ń wo ìgò kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kọjá lórí bẹ́líìtì: ọ̀kan ń wo ìdí, ọ̀kan ń wo bí oyin ṣe kún tó, ẹ̀kẹta ń wo ẹnu ìgò kí wọ́n tó dé e, ẹ̀kẹrin ń wo ìdérí àti lébẹ́ẹ̀lì. Èmi ni mo jókòó ti kọ̀ǹpútà. Mo kàn máa ṣí bíráúsà ni, bí ẹni tó fẹ́ ṣí Facebook, ohun tí kámẹ́rà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń rí á sì jáde pọ̀ sójú kan: àwòrán wọn, iye ìgò tó kọjá, àmì aláwọ̀ ewé fún ìgò tó dáa, àmì pupa fún èyí tó lábùkù. Bí àmì bá ti pupa báyìí, irin kan á ti ìgò náà sínú àpótí. Gbogbo ìgò ló ní nọ́ńbà nídìí, àwòrán rẹ̀ sì wà nípamọ́ mọ́ nọ́ńbà yẹn. "Ìyá Kámẹ́rà" ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Inú mi máa ń dùn sí i, mi ò ní parọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun tó ń rọ oyin sínú ìgò dé lọ́jọ́ Alámísì, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Alhaji, sì ní ẹ̀rọ kan ò ní ṣiṣẹ́ nínú agboolé ọkọ òun láìṣàdúrà. Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, Alhaji fúnra wọn kì í wò wọ́n lójú. Nígbà tí a kírun Jímọ̀ tán, Ààfáà gbé hàǹtú dé nínú abọ́, ìyẹn omi tí wọ́n fi fọ àyà Kùránì kúrò lójú wàláà, tí tàdáwà ti sọ di dúdú. Wọ́n wọ́n ọn sára ẹ̀rọ tuntun. Wọ́n wọ́n ọn sára bẹ́líìtì. Wọ́n ti fẹ́ máa lọ nígbà tí Ìyá Àgbà na ọwọ́ sí àwọn kámẹ́rà.

"Ààfáà, ẹ má fo àwọn yẹn o. Ojú ni wọ́n. Ojú tó ń wo nǹkan wa látàárọ̀ dalẹ́, àfi kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ ọ."

Ààfáà da èyí tó kù nínú abọ́ sọ́wọ́, wọ́n sì fi pa gíláàsì iwájú kámẹ́rà kẹta. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ nù ún títí ọjọ́ méje á fi pé. A ṣe àmín.

A tan ẹ̀rọ. Ìgò àkọ́kọ́ kọjá, ó pupa. Ìkejì, ó pupa. Gbogbo wọn ló ń ṣubú sínú àpótí, gbàgà, gbàgà. Nojeem tó ń darí ẹ̀rọ bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Kámẹ́rà, ṣé apòlò ń yọ kámẹ́rà yín lẹ́nu ni?"

"Bùọ̀dá Nojeem, ẹ wo iṣẹ́ tiyín jàre."

Tàdáwà ni. Ó ti gbẹ sójú gíláàsì, gbogbo apá òsì ẹnu ìgò ló dúdú nínú àwòrán, kámẹ́rà sì rò pé àbùkù ni. Mo bu sípírítì sára àkísà, mo dìde. Ìyá Àgbà wà lórí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Waliyat. Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Ìyá, ó ti dí ojú kámẹ́rà ni. Mo fẹ́ rọra nu díẹ̀ kúrò."

"Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lo fẹ́ fi àkísà nù?"

Gbogbo èèyàn kọjú sí mi. Èmi tí mo lẹ́nu bí abẹ, mo ju àkísà sílẹ̀. Alhaji họrí, wọ́n rọra sún mọ́ mi, wọ́n ní ṣé kò sí ohun tí mo lè ṣe lórí kọ̀ǹpútà yẹn.

Ó wà. Ibì kan wà lójú-ìwé yẹn tí èèyàn ti lè fi máòsì fa ìlà yí ibi tí kò fẹ́ kí kámẹ́rà dá lẹ́jọ́ ká. Mo fa ìlà yí àbàwọ́n náà ká. Ó gba ìdá kan nínú mẹ́ta ẹnu ìgò. Mo tẹ̀ ẹ́, a sì dá àwọn ìgò tó wà nínú àpótí padà sórí bẹ́líìtì. Ìgò tó tẹ̀ lé e kọjá, àmì rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé. Wọ́n kígbe pé àlùhámúdùlílááì, Ìyá Àgbà sì ṣàdúrà fún mi pé mi ò ní fọ́jú láyé.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà yẹn. Ó yẹ kí n ní, ẹ jọ̀ọ́, kámẹ́rà yìí ti fọ́jú ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ jẹ́ ká máa fọwọ́ yẹ ẹnu ìgò wò títí ọjọ́ méje á fi pé. Gbólóhùn kan péré. Mo wo ojú Ìyá Àgbà, mo gbé e mì. Ìyẹn ni àkọ́kọ́.

Ìgò mẹ́rìnlélógún tó kọ́kọ́ jáde, sàárà ni Ìyá Àgbà fi ṣe. Louisa, ọmọ Òkè Padre tó ń to ìgò sínú páálí, gbé páálí méjèèjì sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ mú ọ̀kan, ẹni tó ń lọ sí Ọjà'ba mú ọ̀kan, ìyàwó ilé kan mú ọ̀kan fún ara rẹ̀ ó sì mú ọ̀kan fún ìyá ọkọ rẹ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, páálí ti ṣófo. Ta ló ń kọ orúkọ ẹni tó gba sàárà?

Sátidé kọjá. Lọ́jọ́ Ajé, ojú-ìwé mi ń dán: ìgò ẹgbẹ̀rún méjì ó lé, àbùkù lẹ́nu ìgò, òdo. Mi ò rí òdo rí láti ọdún tí mo ti débẹ̀. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí. Tíì ni mo ń mu.

Louisa ló wọlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. "Àǹtí Waliyat, ẹ wá wo nǹkan tí mo gbá lábẹ́ bẹ́líìtì."

Ó ṣí ọwọ́. Àfọ́kù ìgò ni, tínrín, wẹ́wẹ́, bí èékánná ọmọdé. Mo pe Nojeem. Ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ, òun gbọ́ tí ẹnu páìpù ń kan ìgò bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti rọ oyin, òun sì tún un ṣe lẹ́yìn páálí kejì.

"Ẹ tún un ṣe, ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Kámẹ́rà yín ò kúkú sọ pé nǹkan ṣe é."

Mo bi í, ẹ̀gbẹ́ wo ni páìpù ń kàn? Ó ní ẹ̀gbẹ́ òsì ni.

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo ṣí àwòrán ọjọ́ Jímọ̀, mo mú kí ó mọ́lẹ̀ títí tí àbàwọ́n tàdáwà fi di òjìji lásán. Mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà kẹta, ẹnu rẹ̀ ti ṣá. Ìkarùn-ún ti ṣá. Mo wo gbogbo ìgò láti Jímọ̀ títí dé ọjọ́ Ajé, omi ń bọ́ lójú mi. Méje ni. Méjèèje wà nínú mẹ́rìnlélógún àkọ́kọ́, ìyẹn sàárà, èyí tó sì já lẹ́nu wọn, inú oyin ló bọ́ sí.

Alhaji jókòó nígbà tí mo sọ fún wọn.

"Ẹ lọ gbà wọ́n padà. Ẹ fún wọn ní ìgò ńlá dípò, kí ẹ ní ẹ̀bùn ni. Ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ gbọ́ àfọ́kù ìgò lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé Ọjà'ba, a ti kógbá sílé nìyẹn, èmi àti ẹ̀yin."

Mo ronú kan ìyá mi tí mò ń bọ́. Mo ní, "Ó dáa, sà." Ìyẹn ni ìkejì.

Èmi àti Louisa gbé ìgò ńlá sínú báàsì, a bẹ̀rẹ̀ sí í ya ojúlé dé ojúlé, lọ́dọ̀ àwọn tí Louisa rántí pé wọ́n gba sàárà. Mo rò pé á rọrùn. Ta ni kò ní fi kékeré gba ńlá? Àṣé n ò mọ nǹkan kan. Ìyá kan ní Bẹ́rẹ̀ fi ìgò tirẹ̀ há abíyá.

"Oyin tí Ààfáà ṣàdúrà sí lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, kí ẹ wá fún mi ní oyin ọjà? Ẹ gbà mí o!"

A bẹ̀bẹ̀, a fi ìgò ńlá méjì lé e kó tó yọ̀ǹda. Bàbá kan ti lá ṣíbí mẹ́ta nínú tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀, ètè wọn ni mò ń wò, bóyá ẹ̀jẹ̀ á yọ. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ti rí mẹ́fà. Nọ́ńbà kẹtàdínlógún ló kù. Mo tún ṣí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù mi. Òun ni ẹnu rẹ̀ ṣá jù.

Louisa rántí pé ọ̀kan lọ sí agboolé Bushrah, ọ̀rẹ́ mi, lábẹ́ òkè Mápó, a sì yà síbẹ̀. Ó ti bímọ obìnrin, ọjọ́ kejì ni ìsọmọlórúkọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló jáde sí wa.

"Oyin kẹ̀? A ti lá a tán, ọmọ mi." Wọ́n wò mí. "Àbí nǹkan ṣe é ni?"

Ẹnu mi là. Louisa fẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi.

"Rárá o, Ìyá. Ẹ̀bùn là ń pín."

Bushrah kígbe láti inú yàrá. "Waliyat, ṣé o ń bọ̀ lọ́la? Má pẹ́ o!"

Mo ní mo ń bọ̀.

Mo pẹ́. Àárọ̀ Ọjọ́rú, mo kọ́kọ́ yà síbi iṣẹ́ láti tún yẹ àwòrán wò, bóyá mo ka nọ́ńbà ṣì. Nígbà tí mo dé agboolé, wọ́n ti pè é ní Mutmainnah. Inú àwọn èèyàn ń dùn, wọ́n ń gbé àwo oyin kiri, kálukú ń tọ́ ọ wò. Ìyá ọkọ Bushrah fà mí lọ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Má bínú sí mi o. Mo parọ́ fún ọ lánàá. Oyin àdúrà, ta ló máa ń pààrọ̀ ẹ̀? Ọmọ ọmọ mi ni mo fi pamọ́ fún, a sì ti fi kan ẹnu rẹ̀ báyìí."

Wọ́n nawọ́ ìgò sí mi. Mo yí ìdí rẹ̀ sókè. Kẹtàdínlógún.

"Ẹ má lá a mọ́! Ẹ tutọ́ ẹ̀ dànù! Àfọ́kù ìgò wà nínú ẹ̀!"

Bushrah ti fi ìka ya ẹnu ọmọ. Nígbà tó yọ ìka rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lára oyin tó wà níbẹ̀, tínrín bí òwú. Mo gbé! Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

Ní ọsibítù, wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀. Dókítà ní nǹkan kékeré kan ti sọ̀ kalẹ̀ sínú ikùn, àwọn ò lè fọwọ́ kàn án báyìí, ká dúró títí di ọ̀la ká wò ó bóyá á gba ìfun kọjá láìgé e. Ká dúró, ká máa ṣàdúrà. Ìyá ọkọ Bushrah kúnlẹ̀ fún mi níwájú gbogbo èèyàn, àgbàlagbà! Wọ́n ní bí kì í bá ṣe pé mo pariwo, oyin púpọ̀ sí i ni wọn ì bá fún un. Bàbá ọmọ di ọwọ́ mi mú, ó ní Ọlọ́run ló rán mi. Mo ń sunkún, wọ́n rò pé àánú ló ń ṣe mí.

Bushrah fẹ́ lọ ṣàlùwàlá. Ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́. Ọmọ náà gbóná, ó ń mí kíákíá, ó sì di ìka mi mú gírígírí. Fóònù mi ń dún nínú báàgì. Alhaji ni. Mi ò gbé e.

Nígbà tí Bushrah padà dé, kò jókòó. Omi ṣì wà lójú rẹ̀ àti lápá rẹ̀.

"Waliyat, lánàá tó o wá pààrọ̀ oyin, ṣé o ti mọ̀?"

Mo lè purọ́. Kò sí ẹni tó lè já mi nírọ́ níbẹ̀.

"Mo mọ̀," ni mo wí.

Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ṣí ìka ọmọ náà kúrò lára ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi.