Àmín Tí Mo Ṣe Lórí Ọ̀rọ̀ Kingsley

Òṣèlú kó mi nírìíra, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn olóṣèlú kọ́ ni mo fẹ́ bú lónìí. Àwa ni. Àwa ọmọ Ìjẹ̀bú mẹ́tàdínlógún tá à ń ṣòwò, tá à ń ṣiṣẹ́ ní Enerhen ní Warri, tá a gba káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú, tá a fi í sápò bíi pé èèyàn gidi ni wá. Èmi Mojọlá, Ìyá Dámisí oní-fóòmù, mo wà nínú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ mí kúrò.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004 ni. Ìjà ẹ̀yà sí ẹ̀yà tó bẹ́ sílẹ̀ ní Warri ò tíì tutù nílẹ̀. Bí táyà bá bẹ́ lásán, odindi ọjà á ti gbé ẹsẹ̀ lé eré. Wọ́n fẹ́ mú ẹni tó máa dupò alága káńsù lórúkọ ẹgbẹ́ wa. Wọ́ọ̀dù kan lọ́jọ́ kan ni wọ́n ń dìbò náà, a kì í sì í ju ìwé sínú àpótí. Ẹ̀yìn àwòrán ẹni tó o fẹ́ lo máa tò sí, gbogbo ayé á rí ọ. Àwọn méjì ló ń du àyè yẹn. Ọ̀kan ń pe ara rẹ̀ ní Chief No Shaking, àwọn ọmọ tó ń gbé ìbọn kiri odò ló ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Èkejì ni Kingsley, tíṣà kan ní Enerhen tóun náà gba káàdì ní wọ́ọ̀dù wa, ọmọ Urhobo láti Orhuwhorun. Wọ́ọ̀dù mẹ́rin ti dìbò tán. No Shaking ti ní ọ̀ọ́dúnrún. Kingsley ní mọ́kàndínlógún péré. Ó ku wọ́ọ̀dù tiwa, lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹ ò mọ Kingsley, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín. Nígbà tí ìjà náà gbóná, àwọn tó gbé ìbọn wọ Enerhen ò mọ Ìjẹ̀bú yàtọ̀ sí Ìṣẹ̀kírì. Wọ́n gbọ́ bí èdè wa ṣe ń dún, wọ́n ní ọ̀tá ni wá. Èmi wà ní Ṣàgámù lọ́jọ́ yẹn, mo lọ kó ọjà. Dámisí ọmọ mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló wà nílé. Kingsley ló lọ kó o, òun àti ọmọ méje míì, ó kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀, ó da àpò gàrí bò wọ́n, ó wà wọ́n dé ilé ìyá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá a dúró lọ́nà. Wọ́n fi ìdí ìbọn ká a léyín, kò jẹ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi bọ́ àwọn ọmọ yẹn.

Òun ló wá ránṣẹ́ sí wa. Ó ní òun mọ̀ pé òun ò lè wọlé mọ́. Ohun kan ṣoṣo tóun ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí àwa mẹ́tàdínlógún dúró sẹ́yìn òun lójú gbogbo ayé, kí No Shaking lè mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo Warri lẹ̀rù rẹ̀ ń bà.

A pàdé lọ́jọ́ Àìkú nílé Bàbá Bánkọ́lé tó ń ta sìmẹ́ǹtì, òun ni olórí wa. Súnkànmí ló kọ́kọ́ dìde, ẹnjiníà tí ilé iṣẹ́ epo gbé wá láti Èkó.

"Ẹ jẹ́ ká fi ọpọlọ ṣe é," ó ní. "Mọ́kàndínlógún sí ọ̀ọ́dúnrún! Kí ló tún ń dúró ṣe? Ẹ sọ fún un kó jáwọ́. Tó bá ti jáwọ́, kò sí ìlà méjì mọ́, kò sì sẹ́ni tó máa bi wá pé ẹ̀yìn ta la wà."

"Súnkànmí, ìgbà wo lo dé Warri?" Mi ò tiẹ̀ jẹ́ kó jókòó. "Nígbà tí wọ́n ń dáná sun ọjà, ìwọ ń jẹ áìsìkirímù l'Ékòó. Panu mọ́ níbẹ̀ yẹn!"

Babátúnjí tó ń ta páàtì mọ́tò ní kí n rọra. "Ìyá Dámisí, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sun ṣọ́ọ̀bù mi. Àgbà tó rí ejò tí kò sá, ara ikú ló ń yá a. Kingsley ṣe dáadáa, a sì ti dúpẹ́. Ṣebí a ra àgbò fún un?"

"Àgbò! Ọmọ rẹ méjì ló wà lábẹ́ àpò gàrí yẹn, Babátúnjí. Àgbò kan fún ọmọ méjì? Ojú ò tiẹ̀ tì ọ́?"

Bàbá Bánkọ́lé wúkọ́. "Ìyá Dámisí, torí kí wọ́n má baà pa á la ṣe ní kó jáwọ́."

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Kì í ṣe ikú Kingsley lẹ̀ ń bẹ̀rù, tiyín ni. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ká gbọ́. Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni."

Ìyá Akínrẹ̀mí, alágbo tí kì í sọ̀rọ̀, ló gbẹ́nu sókè pé òun á dúró sẹ́yìn Kingsley. Àwọn bíi márùn-ún mi orí pé àwọn náà gbà. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti ń wọ̀ wọ́n lára, àyà mi sì balẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwa ọmọ Ìjẹ̀bú kì í dìbò láàárín ara wa. Látìgbà tá a ti wà ní Warri, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, àdúrà ìparí la fi ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Ẹni tó bá ti ṣe àmín, ó ti fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá gbà, á pa ẹnu mọ́, a ó sì tún jókòó. Bàbá Bánkọ́lé dìde, ó ṣí fìlà.

"Àwọn tó bá ìjà yìí lọ, Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn."

"Àmín!"

"Ṣọ́ọ̀bù tó jóná, Ọlọ́run á fi èyí tó dára jù ú lọ rọ́pò."

"Àmín!"

"A ò ní í fojú wa sin ọmọ."

Yorùbá wo ló máa gbọ́ ìyẹn tí kò ní í ké àmín? Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á, mo fi ra orí. "Àmín o!"

"Ọmọ wa Kingsley, Ọlọ́run á fún un lọ́kàn tó máa fi jáwọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má ṣàn."

"Àmín o!"

Ohùn mi ni. Ó ga ju ti gbogbo wọn lọ.

Babátúnjí bú sẹ́rìn-ín. Mo fò dìde, mo ní, "Bàbá, mi ò mọ̀ pé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ nìyẹn!" Bàbá dé fìlà rẹ̀ padà. "Àmín tó ti jáde lẹ́nu, ṣé ẹ fẹ́ gbé e mì padà ni? Ó ti tán. Ẹ̀yin gan-an lẹ máa lọ jíṣẹ́ fún un, tiyín ló máa gbọ́." Ẹ wo ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Ẹ sì wo òmùgọ̀ tó ń jẹ́ Mojọlá.

Mo dé Orhuwhorun lọ́jọ́ Ajé. Kingsley wà níwájú ilé pẹ̀lú Rosemary ìyàwó rẹ̀, wọ́n ń po àtè tí wọ́n fi ń lẹ àwòrán rẹ̀. Mo jíṣẹ́. Ó gbé àtè sílẹ̀, ó kọjú sí mi.

"Na una say make I step down? You sef?"

Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún ọmọ Urhobo pé àdúrà ló mú òun? Mo ní, "Kingsley, I just say amen." Kò yé e. Kò sì yẹ kó yé e.

"I no go step down," ó ní. "Anybody wey dey fear, make e stay for house, I no go vex. But you, Mama Dami, you go come?"

Mo ní, "I go come." Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí pé kì í ṣe irọ́ ni mo ń pa lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tó di Sátidé, àwọn ọmọ No Shaking ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni jókòó sílé. Láàárọ̀ ni wọ́n ti ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń kó oníkáàdì jáde. Pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan la lọ. Wọ́n ri àwòrán méjèèjì mọ́lẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Àwọn ọmọ náà jókòó sórí ògiri, kálukú gbé báàgì lé itan, ọ̀kan nínú wọn mú bírò dání, ó ń kọ orúkọ. Súnkànmí ò sí níbẹ̀ o, ó ní wọ́n pe òun sí mítìnnì l'Ékòó. Bàbá Bánkọ́lé gba ọ̀dọ̀ No Shaking lọ tààrà. Babátúnjí fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré. Ìyá Akínrẹ̀mí fi ìborùn bojú, ó tẹ̀ lé wọn.

Mo dúró láàárín pápá. Kingsley rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sún síwájú kí n lè ráyè dúró.

Ọ̀kan lórí ògiri ké sí mi. "Mama Foam, you loss road?"

Mi ò ní purọ́ pé ẹsẹ̀ ló gbé mi lọ. Èmi ni mo rìn. Mo rìn lọ sẹ́yìn Babátúnjí, mo dúró, mo sì ń wo ilẹ̀.

Fúnra ẹni lèèyàn ń pe nọ́ńbà ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kà á. Ọ̀dọ̀ Kingsley ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kingsley ní, "One!" Rosemary ní, "Two!" Ẹni tó ń kà á dúró díẹ̀ bóyá ẹnì kan ṣì ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀.

Wọ́n wá dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tó kàn mí, mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "Fifty-eight."

"Mama, I no hear you. Talk am make everybody hear!"

Kingsley ń wò mí lọ́ọ̀ọ́kán. Mo gbé orí sókè, mo ké e débi tí àwọn tó ń kọjá lójú títì fi yíjú wò mí: "Fifty-eight!"