Ìtàn Àárín

Fíìmù abanilẹ́rù kan láti Éṣíà ni ọkọ mi fẹ́ràn jù, ìtàn mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀. Àkọ́kọ́ àti ìkẹta máa ń jẹ́ kí n pariwo. Ti àárín ńkọ́? Obìnrin kan kàn jókòó, ó ń retí kí ọkọ rẹ̀ tó ti kú ṣílẹ̀kùn. Ó tán! Ṣé fíìmù nìyẹn? Ìgbà yẹn ni mo máa ń lọ po tíì.

Ọkọ mi á ní, "Ìyá ilé, jókòó, ibí ló dùn jù."

"Dídùn wo? Ẹ pè mí tí òkú bá dé."

Ọkọ mi ti papò dà. Lánàá, mo tan fíìmù náà, mi ò sì dìde ní ti àárín. Èmi àti obìnrin yẹn jọ ń wo ilẹ̀kùn. Kò ṣí. Mo dá a padà sẹ́yìn, bóyá ó máa ṣí lẹ́ẹ̀kejì.