Àgbọ̀nrín Etí Odò

Kàósárà, ìyàwó àbúrò mi, ló fóònù sí mi ní Ìwàrà. Ó ní Sàkáríyà ọkọ òun ti kun àwòrán kan fún mi, kí n wá gbà á. Rọpárọsẹ̀ ti mú un láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ọwọ́ òsì nìkan ló ṣẹ́ kù fún un.

N kò dé ilé rẹ̀ ní Igbona, ní Òṣogbo, rí. Níbi ìsìnkú bàbá wa, ó dúró láàárín èrò, ó ní kò sẹ́ni tó rán òun níwèé, òun ló gbé ara òun dìde. Èmi tí wọ́n yọ kúrò ní pírámárì kí n lè máa bá bàbá ṣọdẹ, kí owó ẹran ìgbẹ́ lè rán Sàkáríyà níwèé, mo wà níbẹ̀, mo ń gbọ́. Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń retí: kó sọ pé èmi ló rán òun níwèé.

Mo lọ. Orí pákó ló kun àwòrán náà sí. Odò ẹ̀yìn oko bàbá wa ni, pẹ̀lú àpáta dúdú tí a máa ń fọ ẹran lórí rẹ̀. Oòrùn wà lókè gangan. Àgbọ̀nrín kan dùbúlẹ̀ létí omi, ó gbórí sókè, ó ń wò mí.

Kàósárà ní ẹran náà ń sinmi ni. "Bọ̀dá, àlàáfíà ló ń bá yín sọ. Ẹ wo bí ojú ẹ̀ ṣe tutù."

"Ọmọ Òṣogbo ni ẹ́. O ò mọ ẹran ju inú ọbẹ̀ lọ."

Bàbá wa ti kọ́ àwa méjèèjì pé àgbọ̀nrín kì í dùbúlẹ̀ síta gbangba lọ́sàn-án. Èyí tí o bá rí bẹ́ẹ̀ létí odò, ìbọn ti bà á. Òùngbẹ ọgbẹ́ ló gbé e débẹ̀. Sàkáríyà kò lè gbàgbé ìyẹn. Ẹran tí wọ́n yìnbọn fún ló kùn. Bó bá jẹ́ èmi ni ẹran náà, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn pé èmi ló fara gbọgbẹ́ fún òun. Bó bá jẹ́ òun ni, a jẹ́ pé èmi ló ń pè ní ọdẹ, pé ìbínú mi ló dá a dùbúlẹ̀.

Mo gbé pákó náà síwájú rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. "Sàkáríyà, èmi ni àbí ìwọ?"

Ó wò mí títí. Ọwọ́ òsì rẹ̀ gbéra, ó rìn díẹ̀, ó sì bọ́ sáàárín àwa méjèèjì. Omi jáde lójú rẹ̀. Kàósárà nù ún, ó ní ó ti rẹ̀ ẹ́.

Mo ní kó tún un ṣe. N kò rọra sọ ọ́. Ó di ojú.

Nígbà tí mo fi tún ti Ìwàrà padà wá bi í, ó ti kú, àwọn ààfáà sì ti sin ín.

Àwòrán náà wà lára ògiri mi. Àwọn tó bá wọlé a máa yìn ín, wọn a ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo máa ń ní àgbọ̀nrín ni. N kò tíì dárí jì í, n kò sì mọ̀ bóyá ó bẹ̀ mí.