Ọ̀sẹ̀ Tí Ohùn Adétóun Há

Adétóun oníbúrẹ́dì n'Ìkìrun, ohùn rẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ mọ̀ kí ẹ tó mojú ẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ni í ti í pàṣẹ fún àwọn tó wà nídìí ààrò, èyí tó bá sì gbàgbé, á fi ohùn gbà á sórí Wásáàpù ránṣẹ́ sí wọn. Èsì kan náà ni gbogbo wọn ń fún un: "Ó dáa, mà." Inú rẹ̀ a máa dùn pé òun lóṣìṣẹ́ tó ń gbọ́ràn.

Ilé-ìwé kan tí àwọn ọmọ ń sùn sí ní Ìnísà ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ ró. Ẹ̀ẹ̀mejì ni búrẹ́dì wọn ti pẹ́ dé, tí àwọn ọmọ wọ kíláàsì láìjẹun. Ọ̀gá ilé-ìwé náà wá bá a, ó ní bó bá tún ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, àwọn á wá oníbúrẹ́dì mìíràn. Adétóun bú gbogbo ilé. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní ó dáa, mà.

Ọjọ́ Àìkú ni ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Adétóun kọrin bí ẹni pé òun nìkan ló jẹ Ọlọ́run lópẹ́. Ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, ohùn ti há pátápátá, nọ́ọ̀sì sì ní kó panu mọ́. Ẹni tó ń fẹnu darí ilé, àbí ẹ ò rí nǹkan!

Lọ́jọ́rú, ó fi ẹnu sí Káyọ̀dé awakọ̀ rẹ̀ létí, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé Ìnísà ni kó ti kọ́kọ́ já búrẹ́dì lọ́la kó tó kọjá sí Òkukù. Káyọ̀dé ní ó dáa, mà, ó ń lọ. Ọkàn Adétóun ò balẹ̀, torí òun alára ò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ dáadáa. Ó fa ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ní kó tún ohun tí òun wí sọ. Káyọ̀dé họrí. Ó ní Òkukù ni òun á kọ́kọ́ lọ, kínú má bàa bí àwọn ọlọ́jà, òun á wá ṣẹ́rí padà sí Ìnísà.

Adétóun yíjú sí Jọláyẹmí tó ń po ìyẹ̀fun. Jọláyẹmí ní búrẹ́dì ńlá lòun ń ṣe, bẹ́ẹ̀ kékeré nilé-ìwé fẹ́. Moyinolúwa tó ń di búrẹ́dì sí ọ̀rá, Ọjọ́ Ẹtì lòun ń retí ní tiẹ̀. Adétóun bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò béèrè.

Jọláyẹmí wolẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ẹ dàgbà jù wá lọ. Ta ni yóò la ẹnu pé kẹ́ ẹ tún un sọ?"

Háà! Orí Adétóun wú. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn wọ̀nyí ń fi tọmọ jẹ́ ẹ látọjọ́ yìí. Wọn ò gbọ́ iṣẹ́ náà ni.

Ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, ó ní kí wọ́n bára wọn sọ ọ́. Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀. Moyinolúwa ní wọn kì í ṣí géètì ilé-ìwé fún mọ́tò báwọn ọmọ bá ti tò fún àdúrà àárọ̀. Káyọ̀dé ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní ó yá, kí wọ́n kó ti Òkukù sísàlẹ̀, kí ti Ìnísà wà lókè. Jọláyẹmí ní ká ní òun ti mọ̀ ni, ti Ìnísà ni ì bá máa kọ́kọ́ wọ ààrò. Adétóun ń wò wọ́n, kò lè pa ẹnu dé. Gbogbo ọgbọ́n yìí ti wà nínú ilé rẹ̀, ohùn rẹ̀ ló jókòó lé e lórí. Ó dà bí ẹni ṣí yàrá kan nínú ilé ara rẹ̀ tí kò mọ̀ pó wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, àwọn ọmọ ò tíì tò tí Káyọ̀dé fi já búrẹ́dì Ìnísà tán. Ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ló pè, ó ní àwọn ọmọ ti ń jẹun, iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ Adétóun. Adétóun dúpẹ́, ohùn rẹ̀ sì dún ketekete. Ó ti ṣí láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sọ fẹ́nì kankan.

Ó wọlé sídìí ààrò, ó tún rẹ ohùn sílẹ̀, ó sọ iṣẹ́ ọ̀la fún Jọláyẹmí wúyẹ́wúyẹ́. Jọláyẹmí ti la ẹnu láti ní ó dáa. Ó dúró. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

"Mà, mi ò gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Omi lé ròrò sí Adétóun lójú. Ó tún un sọ.